Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀: Lámèyítọ́ Lórí Iṣẹ́ Paolo Maldini

Àwọn tó ń ṣèdájọ́ bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá a máa ka ohun tó ṣẹlẹ̀: góòlù mélòó ló wọlé, ta ló gbá a, ta ló gbé bọ́ọ̀lù fún un. Ìwọ̀n yìí bá atamátàsé mu. Kò bá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí nǹkan má ṣẹlẹ̀ mu. Láti ọdún 1956 tí wọ́n ti ń fún àwọn ọkùnrin ní Ballon d'Or, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn mẹ́ta péré ló tíì gbà á: Franz Beckenbauer (1972 àti 1976) àti Matthias Sammer (1996), ọmọ Jámánì, pẹ̀lú Fabio Cannavaro (2006), ọmọ Ítálì. Paolo Maldini kò sí nínú wọn. Ipò kẹta ló wà ní 1994, ipò kẹta náà ló tún wà ní 2003. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé a kò lè dá iṣẹ́ Maldini lẹ́jọ́ bí a kò bá kọ́ láti wo ohun tí kò ṣẹlẹ̀, àti pé ìwọ̀nba ìgbà tí ìdènà rẹ̀ já ló ń fi hàn bí iṣẹ́ náà ti le tó.

Inú ilé bọ́ọ̀lù ni wọ́n bí i sí, ní ìlú Milan, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, 1968. Cesare, bàbá rẹ̀, ni balógun ikọ̀ AC Milan tó na Benfica ní Wembley ní 1963 láti gba ife ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Paolo nígbà tí Nils Liedholm, akọ́nimọ̀ọ́gbá Milan, mú un wọlé ní ìlàjì kejì ìdíje kan ní Udine, ní oṣù Kìíní, 1985. Kò wọ aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn títí ó fi fẹ̀yìn tì ní oṣù Karùn-ún, 2009. Ìdíje 902 ló gbá fún Milan, 647 nínú wọn ní Serie A. Ó gba ife líìgì méje àti ife ilẹ̀ Yúróòpù márùn-ún. Ní 2003, ogójì ọdún lẹ́yìn ti bàbá rẹ̀, òun náà gbé ife ọ̀hún sókè gẹ́gẹ́ bíi balógun ní Old Trafford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà.

Ṣùgbọ́n kíka ife kò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Maldini ń lò látilẹ̀, àmọ́ Mauro Tassotti ti gba apá ọ̀tún ní Milan, apá òsì ni òun wá bá ara rẹ̀, ó sì kọ́ ẹsẹ̀ òsì títí ẹsẹ̀ méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí alátakò bá gbé bọ́ọ̀lù kọjú sí i, kì í sáré kò ó. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ kan kọ sí i, yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Yóò ti ọ̀nà àárín pa, etí pápá nìkan ni yóò ṣí sílẹ̀ fún onítọ̀hún. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá jìnnà sí ẹsẹ̀ alátakò díẹ̀ ló ń dúró dè. Ìgbà náà ni yóò na ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì di tirẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń fi ara lélẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, òǹwòran a sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Síbẹ̀, ẹni tó bá di dandan fún láti fara lélẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: ibi tí Maldini ti dúró sí kí bọ́ọ̀lù tó dé ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Kò dá ọgbọ́n yìí ní. Nígbà tí Arrigo Sacchi di akọ́nimọ̀ọ́gbá Milan ní 1987, ó sọ Tassotti, Alessandro Costacurta, Franco Baresi àti Maldini di ìlà kan ṣoṣo: bí ọ̀kan bá gòkè, gbogbo wọn á gòkè, bí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn, gbogbo wọn á fà sẹ́yìn. Ní sáà 1993 sí 1994, lábẹ́ Fabio Capello, góòlù 36 péré ni Milan gbá wọlé nínú ìdíje líìgì 34, wọ́n sì gba ife. Góòlù 15 péré ló wọ àwọ̀n wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, 1994, Milan bá Barcelona ti Johan Cruyff pàdé ní Áténì nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù. Baresi àti Costacurta kò lè gbá, ìjìyà wà lórí àwọn méjèèjì. Maldini kúrò ní apá òsì, ó bọ́ sí àárín pẹ̀lú Filippo Galli, láti kojú Romário àti Hristo Stoichkov. Milan na Barcelona ní 4-0. Góòlù tí Dejan Savićević gbá gba orí aṣọ́lé kọjá ni gbogbo ayé ń rántí. Ta ló ń rántí ohun tí Romário kò rí ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà?

Àwa ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀rí tiwa. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ní Foxborough ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà bá Ítálì pàdé nínú ife àgbáyé. Finidi George gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù ba Maldini lára, Emmanuel Amunike sì gbá a wọlé. Ní ìṣẹ́jú kejìdínláàádọ́rùn-ún Roberto Baggio dá a padà, ó sì fi pẹnáritì parí rẹ̀ ní àfikún àkókò. Ìtàn Baggio la ń sọ títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n lé Gianfranco Zola jáde, Ítálì ku mẹ́wàá, Baresi sì ti fara pa. Síbẹ̀, Rashidi Yekini, ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ife àgbáyé, kò rí àwọ̀n. Àárín ẹ̀yìn ni Maldini wà. Bọ́ọ̀lù tó bà á lára wà nínú àkọsílẹ̀. Ìṣẹ́jú tó kù tí kò sí góòlù kejì kò sí níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kò gba ife kankan fún Ítálì nínú ìdíje 126. Òótọ́ ni. Pẹnáritì ló lé Ítálì nínú ife àgbáyé 1990, 1994 àti 1998, Maldini kò sì gbá ọ̀kankan nínú wọn. Nínú àṣekágbá 1994, Romário àti Bebeto gbá ọgọ́fà ìṣẹ́jú láìrí àwọ̀n. Daejeon ní 2002 yàtọ̀: Ahn Jung-hwan ti Gúúsù Kòríà fò ju Maldini lọ, ó forí gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Ítálì sì padà sílé. Àléébù tirẹ̀ nìyẹn, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù ní Istanbul ní 2005, òun fúnra rẹ̀ gbá góòlù kí ìṣẹ́jú kan tó pé, Milan fi 3-0 ṣíwájú, Liverpool sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Góòlù rẹ̀ tó lókìkí jù bọ́ sí ọjọ́ tí ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ìlà bá ti já, ọgbọ́n ẹnìkan kò tó.

Nítorí náà, lámèyítọ́ bọ́ọ̀lù nílò ìbéèrè mìíràn yàtọ̀ sí ta ló gbá a wọlé. Kí a bi atamátàsé pé ibo ló fẹ́ gbà tí kò rí gbà, kí a sì wo ẹni tó dúró síbẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wọn ọdún mẹ́rìnlélógún tí Maldini lò lórí pápá, ipò kẹta tí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì kéré sí iṣẹ́ rẹ̀.