Àgbéyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Ẹ̀rọ Atọ́nà Inú Ilé Tí À Ń Wọ̀ Sára: Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Ẹ̀rọ atọ́nà tí à ń wọ̀ sára ni èyí tí ènìyàn so mọ́ ọrùn ọwọ́, tí ó sán mọ́ ìdí tàbí tí ó fi sí etí, kí ó lè máa tọ́ ọ sọ́nà. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti já fáfá tó ni a sábà máa ń wò. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìyẹn nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlò Ẹ̀rọ Náà
GPS gbára lé sátẹ́láìtì tí ó wà ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà sókè. Àmì wọn a máa rẹ̀ bí ó bá kan òrùlé àti ògiri kọ́ǹkéré. Ọ̀nà méjì tí a gbà yanjú èyí yẹ ní àyẹ̀wò. Ní 2005, àwọn olùwádìí Yunifásítì Osnabrück ní Jámánì gbé àbájáde jáde lórí bẹ́líìtì tí ó máa ń gbọ̀n ní apá tí ó kọjú sí àríwá. Ní 2015, a dán Wayfindr wò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Pimlico ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn ẹ̀rọ Bluetooth kéékèèké ń bá fóònù afọ́jú sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ ìtọ́sọ́nà nínú íápíìsì tí ń gba ara eegun wọlé, kí etí rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ sí ìró àyíká.

Bẹ́líìtì kò nílò èdè kankan, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àríwá ni ó mọ̀, kò mọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ mọ ṣọ́ọ̀bù, bí máàpù inú rẹ̀ bá péye.

Ìta àti Inú
Nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 1977 ni a ṣe kọ́ Festac Town. Nọ́ńbà ni a fi sọ àwọn òpópó ńlá rẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì ni a sì fi sọ àwọn kúlọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó mọ òǹkà kò ní pẹ́ mọ ìta rẹ̀. Inú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbà Trade Fair tí ó wà lójú ọ̀nà Badagry, tí Zoran Bojović ti ilé-iṣẹ́ Energoprojekt ní Yugoslavia yàwòrán rẹ̀, wà fún àfihàn ọjà ìgbà díẹ̀. Lónìí, ọjà ojoojúmọ́ ni, tí àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ASPAMDA wà níbẹ̀. Bí oníṣọ́ọ̀bù kan bá gbé káńtà síta, máàpù inú ẹ̀rọ ti di irọ́.

Ọ̀rọ̀ Èdè
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe yìí gbà pé ẹni tí ń béèrè ń ríran. Bí a bá sọ pé 'ibẹ̀ yẹn' tàbí 'ọ̀hún nì', ọwọ́ tí a nà ni ó parí gbólóhùn náà. Afọ́jú gbọ́ ọ̀rọ̀, kò rí ọwọ́. Níbi yìí ni ẹ̀rọ ti lè wúlò, bí ó bá gbọ́ Yorùbá dénú. Ẹ̀rọ tí kò mọ ohùn yóò pe 'ẹ̀yìn' ní 'ẹyin', yóò sì ní kí ènìyàn yà ní 'igún' dípò 'igun'. Èyí tí kò ka àmì abẹ́ lẹ́tà yóò darí rẹ̀ sí 'òṣì' dípò 'òsì'. Nínú ìwé, àṣìkọ ni èyí. Lórí àtẹ̀gùn, ó lè fa ìṣubú.

Àgbálọgbábọ̀
Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe. Ọdún 5 náà ti pé. Ẹ̀rọ kò lè dípò àtẹ̀gùn tí ó dọ́gba àti ọ̀nà tí a kò dí. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà fún olùkọ́ èdè: kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti júwe ọ̀nà pẹ̀lú ìwọ̀n ìṣísẹ̀, ọ̀tún, òsì, ìró àti òórùn, láìna ọwọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Láìsí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èdè elédè ni ẹ̀rọ yóò máa fi tọ́ afọ́jú Yorùbá sọ́nà.