Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lára Ògiri: Àyẹ̀wò Ìwé Àlẹ̀mógiri Sinimá Adẹ́rùbani

1. Ìfáàrà

Ìwé àlẹ̀mógiri ni ikọ̀ tí sinimá ń rán ṣíwájú ara rẹ̀. Kí a tó sanwó, kí a tó wọlé jókòó sínú òkùnkùn, òun ni ó ti bá wa sọ̀rọ̀ ní ìgboro. Ti sinimá adẹ́rùbani ní ìṣòro kan tí ti eré apanilẹ́rìn-ín kò ní: ó gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà wá kí a lè wá wòran, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ná gbogbo ẹ̀rù náà tán sí ẹnu ọ̀nà.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ṣe ni iṣẹ́ ọnà yìí ń dàgbà bí ọmọ: pé láyé àtijọ́, ayàwòrán a máa gbé abàmì ẹ̀dá síta gbangba, pé ìgbà tí ó yá ni ọgbọ́n ìfipamọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òwe wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìwé àlẹ̀mógiri ni pé: ta ni ó lè sọ ààbọ̀ di odidi?

2. Jámánì àti Hollywood

Kí sinimá Das Cabinet des Dr. Caligari tó jáde ní Berlin ní 1920, àwọn ìwé kan ti wà lára ògiri ìlú náà tí ń pàṣẹ fún ẹni tí ń kọjá pé dandan ni kí ó di Caligari. Wọn kò sọ ẹni tí Caligari í ṣe. Bí àlọ́ àpamọ̀ ni: a dárúkọ ìwà, a fi ẹni tí ó ni ín pa mọ́. A rí i nígbà náà pé ìfipamọ́ kì í ṣe ọgbọ́n ìkẹyìn.

Ní 1931, ilé-iṣẹ́ Universal ní Amẹ́ríkà gbé Dracula àti Frankenstein jáde. Karoly Grosz ni ó ń darí iṣẹ́ ọnà ìpolówó wọn, ojú abàmì ẹ̀dá náà sì gba ìwé kan. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ Frankenstein fúnra rẹ̀, níbi tí ó yẹ kí orúkọ Boris Karloff wà, àmì ìbéèrè ni wọ́n fi síbẹ̀. Ọwọ́ kan ń ṣí aṣọ, èkejì ń bò ó.

3. Láti 1968 sí 1979

Ìwé Rosemary's Baby (1968) ni a sábà máa ń yìn jù. Ojú obìnrin kan tí ó dùbúlẹ̀ ni ó gba gbogbo ìwé náà nínú àwọ̀ ewé. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kékeré kan dúdú lórí àpáta. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí iwin. Ohun ayọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ọmọ. Àìsí ìyá nítòsí ni ó sọ ọ́ di ohun ẹ̀rù. Nínú The Exorcist (1973), iṣẹ́ Bill Gold, ọkùnrin kan pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ dúró lábẹ́ iná òpópó níwájú ilé kan. A kò rí ọmọ tí nǹkan ń yọ lẹ́nu nínú ilé náà.

Kí ni ó fún àwọn ayàwòrán wọ̀nyí ní ìgboyà láti dákẹ́? Ìwé ìtàn àròsọ tí Ira Levin kọ ní 1967 àti èyí tí William Peter Blatty kọ ní 1971 ni ó ṣáájú sinimá méjèèjì, àwọn ènìyàn sì ti kà wọ́n káàkiri. Òǹwòran ti mọ ààbọ̀ kejì. Alien (1979) kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níwájú. Ẹyin tí ó ń là nínú òkùnkùn ni wọ́n yà, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ ọ́ sí i pé bí ènìyàn bá kígbe ní òfuurufú, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ẹyin náà a di ẹyin lásán. Nítorí náà, ní tiwa, kò tó ti Rosemary's Baby.

Ẹnì kan lè fi Jaws (1975) ta kò wá: ìwé ìtàn ti ṣáájú òun náà, síbẹ̀ ẹja apànìyàn inú òkun hàn kedere nínú àwòrán Roger Kastel, teyín-teyín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tí ń lúwẹ̀ẹ́ lókè. Ẹja náà kò pamọ́ fún wa. Òun ni ó pamọ́ fún. Àìmọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rù wa.

4. Àpò fúláwà ní Gánà

Láti àárín àwọn ọdún 1980, àwọn kan ní Gánà ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àwọn ayàwòrán ń fi ọ̀dà ya ìpolówó fíìmù òkèèrè àti ti Nàìjíríà sórí àpò fúláwà tí a rán pọ̀. Ejò, ẹ̀jẹ̀, orí tí a gé, gbogbo rẹ̀ ló wà níta; nígbà mìíràn, ohun tí kò sí nínú fíìmù náà pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí iṣẹ́ aláìmọ̀ọ́ṣe. Àṣìṣe ńlá ni. Òǹwòran tí ayàwòrán yìí ń pè lè máà tíì gbọ́ orúkọ fíìmù náà rí, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni ọkọ̀ yóò lò ní ìlú rẹ̀. A kì í sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

5. Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àwòrán kí ó ṣe àpèjúwe rẹ̀, a máa ń fún un ní máàkì fún ohun tí ó kà lẹ́sẹẹsẹ: igi kan, ilé méjì, ọkùnrin kan. A kì í bi í léèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí ẹni tí a yà á fún. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí a ń bi òwe àti àlọ́ náà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ “kẹ̀kẹ́ ọmọ kan wà lórí àpáta” ti ríran, èyí tí ó béèrè pé “ìyá rẹ̀ ńkọ́?” ni ó ti ka àwòrán náà. Ó yẹ kí máàkì wa mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.