Odò Ògùnpa àti Ojúde Ará Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ọ̀nà kọnkéré tí ìjọba là fún un lẹ́yìn náà tọ́ sí ìyìn, nítorí ẹ̀mí ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀daràn ni wọ́n ṣe ti odò náà mọ́ àárín ògiri. Bèbè tí ìbá fa òjò mu di kọnkéré. Ibòji tí ọlọ́jà ìbá yà sí, kò jọ pé ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀. (Ará ìlú pàápàá kò mọ́wọ́ dúró: wọ́n sọ odò di ààtàn.) Àwọn tí ó gbin igi òdán sí ojú ọjà láyé àtijọ́ kò ka ìtura sí àṣerégèé.

Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn. Ojú ọjọ́ ń gbóná, òjò ńlá sì ń le sí i. Kí a tó pe oníkọnkéré sí odò mìíràn, ilẹ̀ gbalasa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n sílẹ̀ ní bèbè rẹ̀, èyí tí omi yóò tẹ́ sí nígbà òjò, tí ọmọdé yóò sì máa ṣeré lórí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.