Ọkọ̀ Tó De Ọmọ Mọ́lé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti máa dá ọkọ̀ àtijọ́ mọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ọ̀kan yín lèmi náà. Akẹ́rù inú "Sanford and Son", eré 1972 sí 1977, kò ṣòro: Ford F-1 ti 1951 ni. Ẹ wo imú rẹ̀: ọ̀pá irin gbọọrọ kan so iná iwájú méjèèjì pọ̀, ti 1950 kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún ni Fred, bàbá tó ń ta àlòkù ní Watts, fi ń jẹun. "Sanford àtọmọ" ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ lédè wọn. Lamont ọmọ fẹ́ lọ, kò rọ́nà lọ. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ ọ, òun náà ló dè é mọ́lé. Ẹni tó mọ ọdún ọkọ̀ tí kò mọ ẹrù tó gbé, kò tíì wo eré.