Fáníṣì Dídán Lábẹ́ Omi Àwọ̀: Irin Ló Yẹ, Kò Yẹ Ẹran Ara

Ẹni tó bá ń kun ère jagunjagun kéékèèké kò ní ṣàì mọ ìlànà tí Games Workshop, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi tún àwọn ọ̀dà Citadel rẹ̀ tò ní ọdún 2012. Àwọ̀ ìpìlẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ kùn. Lẹ́yìn náà ni a ó da omi àwọ̀ lé e, ìyẹn ọ̀dà ṣíṣàn tó ń wọ inú gbogbo kòtò ara ère láti fún un ní òjìji. Ìgbà tí ìyẹn bá gbẹ tán ni a ó wá fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kun ibi tó yọ síta. Àwọn oníṣẹ́ kan fi ìpele kan kún un: kí omi àwọ̀ tó dé, wọ́n á fi fáníṣì dídán bo ère náà látòkè délẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ. Ìpele àfikún yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò. Jagunjagun Ultramarine, ọ̀kan lára àwọn ère ilé-iṣẹ́ náà, ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, torí pé ẹ̀wù irin, aṣọ àti ojú ènìyàn lè wà pọ̀ lára ère kan ṣoṣo.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ kì í dán. Ohun tí kò sì jẹ́ kó dán ni pé ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, bí kò tilẹ̀ hàn sí wa. Omi àwọ̀ tó bá bọ́ sórí irú ojú bẹ́ẹ̀ á rí nǹkan dì mú níbi gbogbo. Ibi tó tẹ́jú tí a fẹ́ kó mọ́ á ṣókùnkùn. Bí ó bá sì ti ń gbẹ, á máa wọ́ àwọ̀ lọ sí etí, á fi àbàwọ́n sílẹ̀ yípo. Fáníṣì ló ń dí gbágungbàgun yẹn. Omi tí a bá dà sí ara ògiri amọ̀, ògiri á mu ún. Èyí tí a bá dà sórí táìlì, ojú ìlà tó wà láàrin táìlì sí táìlì ni yóò gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí rí.

Èjìká ńlá jagunjagun náà ló jẹ́rìí sí i jù. Bí a bá da omi àwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Nuln Oil sórí búlúù tí wọ́n ń pè ní Macragge Blue láìsí fáníṣì, gbogbo búlúù náà ni yóò ṣókùnkùn, a ó sì ní láti tún un kùn. Bí 'Ardcoat, fáníṣì dídán ti Citadel, bá ti wà lábẹ́, dúdú náà á wọ ìdí etí èjìká àti oríkèé irin, búlúù á sì dúró bí a ṣe kùn ún. Èyí tó bá ṣàn kọjá àyè rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó tutù díẹ̀ lè kó o kúrò kó tó gbẹ, láìfọwọ́ kan àwọ̀ ìpìlẹ̀. Ẹni tó lo omi àwọ̀ elépo tilẹ̀ láǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè ní sùúrù títí ojú rẹ̀ yóò fi gbẹ, kó wá fi òwú àti white spirit nu èyí tí kò fẹ́. Àtúnṣe yìí ni mo kà sí èrè tó ga jù nínú ọgbọ́n náà. Ó gba ìpinnu lọ́wọ́ omi, ó fi í lé oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Kò yà mí lẹ́nu, torí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to ọkọ̀ òfurufú kéékèèké ni ọgbọ́n yìí ti gbilẹ̀. Lára ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n 1/72, ìlà tó pín páànù sí páànù tín-ín-rín gan-an, òun nìkan la sì fẹ́ kó dúdú. Àmì tí wọ́n ń fi omi lẹ̀ sára ìyẹ́ ọkọ̀ náà tún ń fẹ́ ojú dídán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á máa tàn bíi fàdákà. Ìdí nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi fi Future, ohun tí wọ́n ń fi dán ilẹ̀ ilé, ṣe fáníṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Klear ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn. Lójú ère, àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tí omi àwọ̀ Reikland Fleshshade ń fi sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú gan-an ló ń fún awọ ara ní ẹ̀jẹ̀. Bí fáníṣì dídán bá wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sá lọ sí kòtò ojú àti ẹ̀gbẹ́ imú. Ìlà líle nìkan ni yóò kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ: omi àwọ̀ Agrax Earthshade aláwọ̀ ilẹ̀ ní láti rin aṣọ náà díẹ̀ kí ìṣẹ́po rẹ̀ tó rọ̀ lójú. Àwọn àléébù mìíràn wà tó kéré sí ìyẹn. Omi àwọ̀ lè ṣù jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán lórí ojú tó dán jù. Fáníṣì tó bá nípọn lè dí ìlà tíntìntín tí a tìtorí rẹ̀ kùn ún. Dídán rẹ̀ sì ń tan ojú jẹ nígbà tí a bá ń yan àwọ̀, títí a ó fi fi fáníṣì tí kì í dán bò ó níkẹyìn.

Ó tọ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún ìlànà àtètèkọ́ṣe pẹ̀lú. Ẹni tó ti pinnu láti tún àwọ̀ ìpìlẹ̀ kùn lórí omi àwọ̀, tí yóò sì fi àwọ̀ mímọ́ tẹ̀ lé e, yóò bo àbàwọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fáníṣì kò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù púpọ̀, ó kàn fi àkókò gbígbẹ kún un ni. Ẹni tí fáníṣì ń ràn lọ́wọ́ ni ẹni tó fẹ́ kí àwọ̀ ìpìlẹ̀ òun jẹ́ àwọ̀ ìkẹyìn, pàápàá ẹni tó ní odidi ọmọ ogun láti kùn.

Nítorí náà, mo fọwọ́ sí ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ sí bíbo gbogbo ère látòkè délẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kí oníṣẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fa 'Ardcoat fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹ̀wù irin àti ìbọn nìkan, kó jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kó sì fi ojú àti aṣọ sílẹ̀ láìdán. Omi àwọ̀ kan náà yóò wá ṣe iṣẹ́ méjì lára ère kan: ìlà mímú lára irin, ìrọ̀rùn lára ènìyàn tó wọ̀ ọ́.