Orin Ìyá Àgbà àti Kọ́ọ̀dù Mẹ́ta

Wọ́n pè mí sí àṣeyẹ òpin ọdún ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn ọmọ kọ orin àlọ́ Ìjàpá kan níbẹ̀, olùkọ́ wọn sì ń ta jìtá tẹ̀ lé wọn. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí mọ orin náà dunjú. Inú ìyá dùn, wọ́n sì dá ohùn pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ. Àmọ́ ní ìparí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìyá ti ń rẹ ohùn sílẹ̀, ńṣe ni àwọn ọmọ ń gbé tiwọn sókè. Ọmọ-ọmọ wọn yíjú padà lórí ìlà, ó ní: "Màmá àgbà, ẹ ti ṣì í kọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé." Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Wọn kò kọrin mọ́ títí ètò fi parí.

Ìdákẹ́ yẹn ló sún mi dé ìdí àròkọ yìí.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ olùkọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n kọ "Orin Ìbílẹ̀" gàdàgbà sí ara èèpo rẹ̀. Wọ́n to ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀ láìfi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Lókè ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà C, F àti G sí, láti fi kọ́ọ̀dù tí atajìtá yóò tẹ̀ hàn án. Kọ́ọ̀dù ni ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a mú dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá bi ara mi pé: bí a bá wọ aṣọ yìí fún orin wa, ṣé orin ìbílẹ̀ ló ṣì jẹ́?

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ lé jìtá jáde nílùú. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n jìtá kálẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ti pẹ́ tí jìtá ti wọ ilé ẹlẹ́mu l'Èkó. Túndé King ti gbé orin jùjú sínú àwo ní ọdún 1936. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ebenezer Obey àti Sunny Adé dé. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí jìtá ń ṣe nínú ẹgbẹ́ àwọn méjì yìí. Jìtá kan a máa pa gbólóhùn kúkúrú ní àpatúnpa bí omele. Òmíràn a máa dá olórin lóhùn bí ìyá ìlù dùndún. Wọ́n ti sọ jìtá di ará ilé onílù, ó sì ti kọ́ èdè wa.

Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ náà ṣe yàtọ̀ sí èyí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti kọ́ Do-Re-Mi yóò tètè rí i. Ohùn márùn-ún ni ọ̀pọ̀ orin àlọ́ wa ń rìn lé: Do, Re, Mi, So àti La. Fa àti Ti kò sí níbẹ̀. Bí a bá fi C ṣe Do, kọ́ọ̀dù C yóò ní Do, Mi àti So. Ará ilé ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Fa wà nínú kọ́ọ̀dù F, Ti sì wà nínú G. Nínú kọ́ọ̀dù mẹ́ta, méjì ló mú àlejò wọlé. Ti kì í sì í ṣe àlejò tó ń jókòó jẹ́ẹ́. Ó máa ń fa etí lọ sọ́dọ̀ Do. Orin ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ sórí La, ibẹ̀ sì ni ilé rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ G láti ọwọ́ olùkọ́ rò pé orin kò tíì délé, ó sì gun òkè lọ wá Do. Ibẹ̀ ni orin ti yà lọ́nà.

Bí ohùn kò bá já mọ́ nǹkan kan nínú èdè wa, à bá gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n igbá, igba, ìgbà àti igbà kì í ṣe ohun kan náà. Igbà, èyí tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ni ọ̀rọ̀ tó parí ẹsẹ̀ orin náà. Nígbà tí àwọn ọmọ gbé ohùn sókè níbẹ̀, Ìjàpá tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ di Ìjàpá tó ń fi igbá gun ún. T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tó ta dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Christ Church l'Èkó, ti tẹ ìwé jáde ní ọdún 1953 lórí bí orin àti ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra nínú orin Yorùbá. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì ń kọ sí ohùn òyìnbó, ti fi hàn wá tipẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dojú rú lẹ́nu olórin.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé Yorùbá kò mọ orin olóhùn méjì tẹ́lẹ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì a máa rìn pọ̀ nínú orin. Ṣùgbọ́n bí èkíní bá gòkè, èkejì a gòkè. Bí ó bá sọ̀, òun náà a sọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í bàjẹ́ lẹ́nu ẹnì kankan.

Kí wá ni orin ìbílẹ̀? Àjọ àgbáyé tó ń rí sí irú orin bẹ́ẹ̀ pàdé ní São Paulo, ní ilẹ̀ Brazil, ní ọdún 1954, wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta: kí orin so òní mọ́ àná, kí àwọn tó ń kọ ọ́ máa fi ọgbọ́n tiwọn yí i padà, kí àwùjọ fúnra wọn yan èyí tí yóò wà láàyè. Wọ́n gbà pé orin tí a mọ ẹni tó dá a sílẹ̀ pàápàá lè di ti ìbílẹ̀, bí àwùjọ bá gbà á tí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́nu ara wọn. Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ìkẹrin kún un fún àwa tí èdè wa ń lo ohùn: kí ọ̀rọ̀ orin máa yé ẹni tó ń gbọ́ ọ. Bí a bá fi òṣùwọ̀n mẹ́rin yìí wọn ìwé pẹlẹbẹ náà, nínú èkíní nìkan ló ti yege.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé jìtá mi, mo lọ kí ìyá àgbà nílé. Wọ́n kọ orin náà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́nà mẹ́ta. Mo ní, "Ìyá, èwo gan-an ló tọ̀nà níbẹ̀?" Wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ ni. Ẹni tó ń gbè é fún mi ni mo máa ń wò kí n tó mọ ibi tí n ó gbé e gbà." Mo pa kọ́ọ̀dù tì, mo ń ta okùn Do àti So nìkan lábẹ́ ohùn wọn, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ nígbà kẹrin, lọ́nà kẹrin.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé orin fún ọmọ wa: ẹ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún orin kan, kí ẹ sì dín kọ́ọ̀dù kù. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé pé: bí màmá àgbà bá gbé e gba ibòmíràn, ìwọ ọmọ, gbè é.