Ẹlẹ́ṣin tí ó Fẹsẹ̀ Falẹ̀

Ìwọ òǹkàwé mi, bí o bá gbọ́ pé àgbàlagbà kan jókòó ti sinimá láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá, má ṣe yára fi í rẹ́rìn-ín. Ní àkókò tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo máa ń lé àwọn ọmọ ilé-ìwé mi kúrò lójú fèrèsé ẹni tí ó ní tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò wa, tí n ó sì máa wí fún wọn pé eré wíwò kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò rí. Nísinsìnyí, àwọn ni ó yẹ kí ó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi. Wọ́n mú fóònù kan lọ́wọ́, wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n mi bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ igi, sinimá mẹ́ta ni a sì jọ wò kí wọ́n tó padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn gba oorun lójú mi. Òun ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù, ṣùgbọ́n n kò lè sọ tirẹ̀ kí ó yé ọ bí n kò bá kọ́kọ́ fi ẹnu ba àwọn méjì yòókù.

Èkíní ni Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Mo ti wò ó rí nígbà tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Májẹ̀mú àtijọ́ kan ni ó de ọba ìlú Jogbo mọ́ àwọn ará ìlú: ẹni tí yóò bá dé adé idẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù, kí ó sì búra. Bí kò bá ṣe é, tí a sì lu ìlù ṣaworoidẹ níwájú rẹ̀, orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ikú ni yóò sì já sí. Lápité fẹ́ adé, kò fẹ́ ìbúra, nítorí pé ọrọ̀ ni ó ń wá nínú oyè. Àwọn agégẹdú ń pa igbó ìlú run, ọba ń gba owó lọ́wọ́ wọn, ebi sì ń pa àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀. Nígbà tí ó yá, ológun kan tí ń jẹ́ Lágàta gba ìlú náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Èdè inú sinimá yìí dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní kí àwọn ọmọ dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí, ẹni tí ó ṣe Baba Òpálábà níbẹ̀, a máa bá ọba ṣeré, a máa mu ẹmu, a sì máa sọ òótọ́ tí àwọn ìjòyè kò lè sọ. Bí a bá fẹ́ mọ bí a ti ń fi Yorùbá bá alágbára wí láìbú u, kí a lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí ohun kan. Nígbà tí ìlù dún tí Lágàta ṣubú, àwọn ọmọ-ọmọ mi pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “Ó tọ́ sí i!” Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ẹ̀rù ara rẹ̀ bà. Ọba burúkú ni Lápité, jagunjagun burúkú ni Lágàta. Èmi kò jọba rí, n kò sì di ìbọn mú. Mo jẹun tán, mo sùn wọra.

Ti Aníkúlápó kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Kúnlé Afọláyàn, ẹni tí ó ti ṣeré nínú Ṣaworoidẹ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ni ó darí rẹ̀ ní 2022. Sàró, ahunṣọ òfì tí ó wá jẹun sí Ọ̀yọ́, bá olorì yan àlè, wọ́n lù ú pa, ẹyẹ àkàlà sì jí i dìde. Láti ìgbà náà ni ó ti ní agbára àtijí òkú. Ibi tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni bí ìgbéraga ti ń wọ Sàró lára díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tí ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ènìyàn wá di ẹni tí ń bá ọba dúnàádúrà lórí òkú ọmọ rẹ̀. Ibi tí kò wù mí ni pé ó gùn, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rán àbíkẹ́yìn wọn lọ pọnmi nígbà tí omi kún àmù bámúbámú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìdílé jókòó wo iṣẹ́ òun, kí ó ràntí pé bàbá àgbà lè wà níbẹ̀.

Ó wá ku Ẹlẹ́ṣin Ọba.

Bíyì Bándélé ni ó darí rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2022, wọ́n sì fi sinimá náà hàn ní Toronto ní oṣù kẹsàn-án, kò wà láyé láti gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn yóò wí. Eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975 ni ó gbé ka iwájú, eré náà sì fi ẹ̀yìn ti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, ẹni tí ó wà ní ipò Olókùn-Ẹṣin gbọ́dọ̀ bá ọba lọ. Ìjọba òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Kí Ṣóyínká tó kọ tirẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìtàn kan náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Nínú ti Ládiípọ̀, ẹ̀bi tí ó wúwo jù wà lọ́rùn òyìnbó. Ṣóyínká kò tú òyìnbó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé èyí tí ó wúwo jù kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé e ka Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ lórí. Ọ̀rọ̀ yìí ni èmi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi fi di ohun tí a ń jiyàn lé lórí.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ. Ní ọjọ́ tí Ẹlẹ́ṣin yóò kú, ó wọ ọjà pẹ̀lú orin àti ìlù, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ń kì í lọ. Ọ̀dúnladé Adékọ́lá ni ó ṣe Ẹlẹ́ṣin, mo sì yìn ín, nítorí pé ó fi hàn wá pé ọkùnrin náà fẹ́ràn ayé: ó fẹ́ràn oúnjẹ, ó fẹ́ràn aṣọ, ó fẹ́ràn kí àwọn obìnrin máa sá tẹ̀lé òun. Kò sí ibi nínú rẹ̀. Bí ó ti ń lọ ni ó rí ọmọbìnrin kan tí ó rẹwà, ó sì ní òun fẹ́ ẹ ní ìyàwó ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà ni ọmọbìnrin náà. Ìyálọ́jà gbà, nítorí pé ta ni yóò du ẹni tí ń lọ sí ọ̀run ní ohun tí ó béèrè? Wọ́n gbé ìyàwó fún un. Ọ̀run ń dúró dè é, ó sì ń jẹ adùn ayé, títí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fi rán ọlọ́pàá wá mú un.

Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi, tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin, ní òyìnbó ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ náà àti aya rẹ̀ gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀ láti fi lọ jó níbi àríyá, wọn kò sì bi ẹnì kan léèrè ohun tí ó jẹ́. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tí ó wá jíṣẹ́ kò lè la ẹnu sí wọn nítorí aṣọ tí ó wà lára wọn. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wọ̀ sọ́rùn, báwo ni yóò ti mọ ohun tí ó ń dá dúró? Ṣùgbọ́n mo bi ọmọ mi léèrè pé, kí ọlọ́pàá tó dé, kí ni Ẹlẹ́ṣin ń ṣe? Ó dákẹ́. Ìwọ náà rò ó wò. Kò sá, kò sọ pé òun kò lọ mọ́. Ó kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ohun kékeré kan ni.

Ohun tí ó gba oorun lójú mi nìyí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ bí ojú tilẹ̀ ń tì mí. Ní 1997, mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú kékeré kan. Ọmọ mọ́kànlá ni ó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama ní ọdún náà, ọwọ́ mi sì ni fọ́ọ̀mù àti owó wọn wà. Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọjọ́ ìkẹyìn tí mo lè kó wọn lọ sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ Ẹtì náà gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan jẹ oyè. Mo ti rán aṣọ, fìlà mi ti wà nílẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà síbẹ̀, kí n fi ojú hàn, kí n sì máa lọ. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Onílù rí mi, ó pe orúkọ bàbá mi. Mo dìde jó. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní orúkọ ti lọ.

Mo sọ fún àwọn òbí pé mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn ìyá wọn kí mi kú ewu. Ọmọ mẹ́wàá dúró di ọdún kejì. Ẹnì kọkànlá, ọmọbìnrin kan tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ, kò dúró. Bàbá rẹ̀ ní owó òun kò tó san lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ kí mi.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí Ẹlẹ́ṣin nínú àtìmọ́lé, tí ó ń ka ẹ̀bi náà sí òyìnbó lọ́rùn, tí ó tún ń kà á sí àwọn òrìṣà lọ́rùn, tí ó tilẹ̀ wẹ̀yìn wo ìyàwó kékeré tí ó jókòó tì í tí ó sì kà á sí òun náà lọ́rùn, mo mọ ohùn yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ara mi. Mọ́tò ni mo pè é nígbà tèmi. N kò lè pàtẹ́wọ́ fún ìyà rẹ̀ bí a ti pàtẹ́wọ́ fún ti Lágàta, ìdí sì nìyí tí mo fi gbé sinimá yìí ga ju àwọn méjì yòókù lọ: kò sí ìlù kankan tí ó já láti ibòmíràn wá pa á. Ọlúńdé ọmọ rẹ̀, tí ó wà ní ìlú òyìnbó níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, gbọ́ pé ọba wàjà, ó sì wá sílé láti sin bàbá rẹ̀. Ó bá a láàyè. Ó kọ̀ ọ́ ní bàbá, ó sì lọ san gbèsè náà. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọmọ dé iwájú bàbá, ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi pa ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ikú náà tún wúlò fún.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò ní àbùkù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré rẹ̀, inú mi sì dùn pé Yorùbá ni Bándélé jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn sọ. Síbẹ̀, níbòmíràn, ọ̀rọ̀ náà ń dún bí ẹni tí ó ti pẹ́ lájò tí ó wá ń fi ohùn àjèjì kí àwọn ará ilé rẹ̀. Ọjà náà mọ́ jù lójú mi. Ọjà tí mo mọ̀ ní ẹrẹ̀, ó ní ewé tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ní ọmọ tí ń sunkún. Ọlúńdé náà ń kánjú: kí a tó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ó ti kú, bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, a gbọ́ ọ bí ó ti ń bá aya ajẹ́lẹ̀ jiyàn pẹ́ kí ó tó lọ. Bí o bá lè rí ìwé náà kà, kà á kí o tó wo sinimá.

Èyí àgbà kò gbà fún mi títí a fi parí. Ó ní bí òyìnbó kò bá wọ̀ ọ́, Ẹlẹ́ṣin ìbá lọ, ì báà tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Bóyá ni. Mo ní kí wọ́n dá sinimá náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, síbi tí ó ti rí ọmọbìnrin náà láàárín ọjà tí ó sì béèrè fún un. A wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n fi ọwọ́ hàn mí ibi tí òyìnbó wà ní gbogbo ọjà náà. Wọ́n wò ó títí, wọn kò rí ọ̀kan.